Ẹ Fún Àwọn Ìkànnì Yín Lórúkọ Àlàjẹ́

Ní sáà tó kọjá, ó ku alẹ́ ọjọ́ kan kí wọ́n ti pọ́tà ìforúkọsílẹ̀ ni ẹnìkan nínú wa rántí pé òun kò tíì san owó ilé-ìwé. Kò sí iná ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bátìrì láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti fẹ́ kú, dátà tó kù lórí fóònù rẹ̀ kò sì tó 200MB. Ó tẹ orúkọ ilé-ìwé wa sínú Google, ó fi "school fees" sí i nídìí, ó sì tẹ èyí tó wà lókè pátápátá. Ojú-ìwé náà ṣí. Àmì ilé-ìwé wà níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ bá a mu, kódà àwòrán géètì ilé-ìwé wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ nọ́ńbà mátíríìkì rẹ̀ sí i, ó kọ pásíwọ́ọ̀dù, ó kọ nọ́ńbà káàdì báǹkì. 23,500 náírà fò lọ. Rìsíìtì kò jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tó sáré lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, wọ́n wo àdírẹ́sì tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n mi orí. Ìpolówó ni ohun tó tẹ̀. Àwọn gbájúẹ̀ ló sanwó fún un kí ó lè wà lókè.

Ẹ má rò pé ọ̀dẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wa yìí. Ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló wà, ọdún kẹta. Ó ti wọ ojúlówó pọ́tà yẹn tó ìgbà ogójì láti ìgbà tó ti wọlé, àmọ́ kò fìgbà kan mọ àdírẹ́sì rẹ̀. Google ló máa ń fà á lọ́wọ́ débẹ̀. A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì wá, lẹ́yìn náà la bi ara wa léèrè. Àwa mẹ́fà la wà nínú yàrá. A ní kí oníkálukú kọ àdírẹ́sì pọ́tà ilé-ìwé sórí bébà láì wo fóònù. Ẹni mẹ́ta kọ ọ́ ní .com. Ẹnìkan fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí kò sí níbẹ̀. Ẹnìkan gbàgbé lẹ́tà kan. Ẹni kẹfà, ìyẹn ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì, ní òun ò kọ nǹkan kan, kí a fi òun sílẹ̀. Nínú àwa mẹ́fà, kò sí ẹni tó gbà á.

Bí ẹnìkan bá ti ń gbé ilé kan fún ọdún mẹ́ta, tó wá jẹ́ pé gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń dúró létí títì láti bi ọlọ́kadà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ilé mi wà?", a ó ní nǹkan ń ṣe é. Ohun tí a sì ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ nìyẹn. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé ọlọ́kadà náà ń gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí wọ́n já èrò sẹ́nu ọ̀nà òun.

A ò sọ pé ẹ̀bi wa ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wo àwọn àdírẹ́sì tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà mọ̀. Ìkànnì àjọ NYSC ni nysc.gov.ng, ṣùgbọ́n ibi tí àgùnbánirọ̀ ti ń forúkọ sílẹ̀ ni portal.nysc.org.ng. JAMB wà ní jamb.gov.ng, àmọ́ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an, efacility.jamb.gov.ng lẹ máa lọ kí ẹ tó rí i. Ẹni tó bá fẹ́ wo èsì WAEC, waecdirect.org ni, kò sí "ng" kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo ayé ń pè ní NELFUND, nelf.gov.ng ni tirẹ̀, "fund" ti já bọ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀kan ní gov, ọ̀kan ní org, òmíràn pín sí méjì. Ta ló fẹ́ há gbogbo ìyẹn sórí lẹ́yìn tó ti há organic chemistry? Àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ pé a ò há a. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe kò le. Gbogbo wa la mọ bookmark: ẹ tẹ ìràwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, tàbí kí ẹ tẹ Ctrl àti D, bùráúsà á sì fi ojú-ìwé náà pamọ́ fún yín. Wàhálà rẹ̀ ni pé bí ó bá ti pé ọgọ́ta, ó ti di àpò ìyá arúgbó nìyẹn: gbogbo nǹkan ló wà nínú rẹ̀, ẹ ò sì lè tètè rí ohun kan fà yọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe máa ń padà sọ́dọ̀ Google láti wá ohun tí a fọwọ́ ara wa fi pamọ́.

Firefox wá ní àyè kan fún bookmark kọ̀ọ̀kan tó ń jẹ́ Keyword. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan síbẹ̀, ká ní "owo". Láti ìgbà náà lọ, bí ẹ bá tẹ "owo" sí ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí tí ẹ sì tẹ Enter, ojú-ìwé tí ẹ fi pamọ́ yẹn gan-an ló máa ṣí. Kò gba ọ̀dọ̀ Google kọjá. Kò sí ìpolówó lójú ọ̀nà, kò sí "ṣé èyí lò ń wá ni?". Inú ẹ̀rọ yín ni bùráúsà ti wo ibi tí orúkọ náà ń tọ́ka sí, ó sì lọ síbẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí Firefox àkọ́kọ́ ti jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004 ni nǹkan yìí ti wà nínú rẹ̀, nígbà tí púpọ̀ nínú wa ṣì wà lẹ́yìn ìyá wa.

Àyè náà fara pamọ́ díẹ̀ ṣá. Bí ẹ bá tẹ ìràwọ̀, ẹ ò ní rí i níbẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti O pa pọ̀ kí àkójọ bookmark yín ṣí, ẹ mú èyí tí ẹ fẹ́, kí ẹ wá wo ìsàlẹ̀: orúkọ, àdírẹ́sì, Tags, lẹ́yìn náà Keyword. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ pa á dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Chrome, bookmark tiyín kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wà. Ẹ kọ chrome://settings/searchEngines síbi àdírẹ́sì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Site search" sí, ẹ tẹ Add. Àpótí mẹ́ta ló máa yọ: orúkọ, Shortcut, àti àdírẹ́sì. Inú Shortcut ni ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú yín sí. Chrome tún gbà kí ẹ tẹ @bookmarks, kí ẹ tẹ Tab, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ láàrin bookmark yín nìkan. Ìyẹn náà sàn ju kí ẹ lọ máa wá a kiri láàrin ọjà.

Láàrin ara wa, àlàjẹ́ la ń pè é. Kì í ṣe pé a fẹ́ ṣe fújà. Bùráúsà Vivaldi, èyí tí Jon von Tetzchner, ọ̀kan lára àwọn tó dá Opera sílẹ̀, gbé jáde, Nickname gan-an ló pe tirẹ̀, bí Opera àtijọ́ náà ṣe pè é. Ó sì bá àṣà ilé wa mu ju bí àwọn tó ṣe é ṣe mọ̀ lọ. Ìyàwó tó bá wọlé ọkọ kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Á wò ó dáadáa, á sì fún un lórúkọ tó bá ohun tó rí mu: Ìbàdíàrán, Opélenge, Eyínfúnjowó, Akọ̀wé. Orúkọ tí bàbá sọ ọmọ ṣì wà níbẹ̀, kò kúrò, àmọ́ ti ìyàwó ló máa ń yá lẹ́nu. Kì í sì í gbàgbé rẹ̀, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, ohun tó fojú ara rẹ̀ rí ló sì fi sọ ọ́.

Ibi tí a ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, a jókòó ṣètò rẹ̀ bí ẹni ń ṣe ìwé òfin: gbogbo wa á lo orúkọ kan náà, "sch1" fún pọ́tà, "sch2" fún èsì, "sch3" fún ilé-ìkàwé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo wa fi gbàgbé èwo ni èwo. A wá ní kí oníkálukú sọ tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹnìkan pe ibi tí èsì ìdánwò ti ń jáde ní "ewu". Òmíràn pe pọ́tà owó ilé-ìwé ní "mama", nítorí pé ìyá rẹ̀ ló ń sanwó. Ẹni tó ń jáde lọ́dún yìí pe ti NYSC ní "agunba". Láti ọjọ́ náà, a ò gbàgbé mọ́. Ẹ ò sì ní láti fi àmì ohùn sí i. A ò kórìíra àmì ohùn, ẹ sá ń wo bí a ṣe ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ irú kíbọọ̀dù tí ẹ máa bá pàdé lọ́la, bùráúsà sì mọ "owo" yàtọ̀ sí "owó".

Àǹfààní mìíràn wà nínú orúkọ yìí tí a ò kọ́kọ́ rò. Àwọn ilé-ìwé fẹ́ràn láti máa gbé pọ́tà kiri. Sáà yìí ó wà níbí, sáà tó ń bọ̀ wọ́n ti gbé e fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, àdírẹ́sì ti yí padà. Ẹni tó ní àlàjẹ́ kò ní kọ́ nǹkan tuntun. Á ṣí bookmark náà, á pààrọ̀ àdírẹ́sì tó wà nínú rẹ̀, á sì máa tẹ "mama" rẹ̀ lọ. Ilé ló kó, orúkọ kò yí.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ ti %s, torí òun ló mú kí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá láàrin wa fẹ́ràn nǹkan yìí. Bí ẹ bá fi àmì kékeré yẹn sínú àdírẹ́sì bookmark, ohunkóhun tí ẹ bá tẹ̀ lẹ́yìn àlàjẹ́ náà ni bùráúsà máa fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo àpẹẹrẹ. Ẹ ṣe bookmark kan, kí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ https://scholar.google.com/scholar?q=%s, kí àlàjẹ́ rẹ̀ jẹ́ "iwadi". Bí ẹ bá wá tẹ "iwadi cassava starch", inú Google Scholar lẹ máa bá ara yín, àwọn ìwé ìwádìí lórí pákí ti tò sílẹ̀. Ẹ ṣe òmíràn fún Wikipedia Yorùbá, https://yo.wikipedia.org/wiki/Special:Search?search=%s, kí ẹ pè é ní "wy"; "wy Ìbàdàn" á gbé yín lọ síbi tí wọ́n ti kọ nípa Ìbàdàn ní èdè wa. Ní Chrome, àpótí àdírẹ́sì ni %s náà ń wọ̀. Bí ẹ ò bá fi í sí i, ojú-ìwé tí ẹ kọ náà ló kàn máa ṣí.

Ẹ ò nílò kí ẹnìkan fún yín ní irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí ìkànnì tí ẹ fẹ́, ẹ wá ọ̀rọ̀ kan tó ṣàjèjì nínú rẹ̀, bíi "agbalumo", kí ẹ wá wo òkè níbi àdírẹ́sì. Bí "agbalumo" bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ fi %s sí àyè rẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìkànnì náà kò gbà, ẹ má bá a jà. Katalọ́ọ̀gù ilé-ìkàwé wa gbà. A máa ń tẹ "kawe" àti orúkọ ẹni tó kọ ìwé, a ó ti mọ̀ bóyá ìwé náà wà nílé kí a tó bọ́ sínú oòrùn.

Ẹ kàn ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ máa lò. Ẹnìkan nínú wa tó gbọ́n lójú ara rẹ̀ fi "bawo" ṣe àlàjẹ́ ìkànnì kan tí wọ́n ti ń dáhùn ìbéèrè ètò kọ̀ǹpútà, ó sì fi %s sí i. Ó dára títí di ọjọ́ tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀kọ. Gbogbo ìgbà tó bá ti tẹ "bawo ni mo ṣe lè se", àárín àwọn tó ń jà lórí Python ló ń bá ara rẹ̀. Ó lo ọjọ́ méjì kó tó mọ̀ pé ọwọ́ òun lòun fi ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè kò dára fún àlàjẹ́.

Ó yẹ kí a béèrè pé kí ló dé tí kò sí ẹni tó kọ́ wa ní nǹkan yìí láti ọjọ́ yìí. Wọ́n kọ́ wa ní "Introduction to Computer" ní ọdún kìíní, a há ọdún tí wọ́n bí Charles Babbage, a ya àwòrán ẹ̀rọ tó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá wa. Kò sí ẹni tó fi àyè Keyword hàn wá. Àwọn tó ń ṣe bùráúsà fúnra wọn kò sì pariwo rẹ̀. Lójú tiwa, owó ló fà á. Ní ọdún 2021 nìkan, Google san bílíọ̀nù 26.3 dọ́là fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù àti bùráúsà kí òun lè jẹ́ ẹni tí a kọ́kọ́ máa bi léèrè. Inú ẹjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà pè é ni iye yẹn ti hàn síta, ẹjọ́ tí Adájọ́ Amit Mehta dá ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 2024 pé Google rú òfin láti dá nìkan jọba lórí ọ̀rọ̀ ìwákiri. Mozilla tó ń ṣe Firefox pàápàá, ọwọ́ Google ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé fún un ti ń wá. A ò sọ pé ẹnìkan jókòó pète pé kí a fi Keyword pamọ́. A kàn mọ̀ pé ẹni tó ń jẹun nídìí kí ẹ máa béèrè ọ̀nà kò ní ìdí láti yá yín ní máàpù.

Àwọn kan ti ń sọ pé, "Ṣebí bí mo bá tẹ lẹ́tà méjì, bùráúsà á parí ìyókù fún mi?" Òótọ́ ni. Àmọ́ ohun tó ń rántí ibi tí ẹ lọ kì í bi yín bóyá ibi tó dára lẹ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ọ̀rẹ́ wa tẹ lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú orúkọ ilé-ìwé wa lójú àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àdírẹ́sì tí bùráúsà rẹ̀ fi tayọ̀tayọ̀ gbé síwájú ni ti àwọn gbájúẹ̀. Ibẹ̀ ló ti dé kẹ́yìn, ibẹ̀ ló rò pé ó tún fẹ́ lọ.

Ẹjọ́ tó le jù lọ́rùn wa ni ti fóònù. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ka èyí kò ní láptọ́ọ̀pù, fóònù ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan, láti assignment títí dé ìdánwò. Keyword kò sì ṣiṣẹ́ nínú Firefox orí fóònù. A jiyàn lórí èyí gan-an. Ẹnìkan nínú wa ní kí a má kọ ọ̀rọ̀ yìí rárá, pé ọ̀rọ̀ ọmọ olówó ni. A gbọ́ ọ, a sì lọ wá nǹkan tó súnmọ́ ọn. Ọ̀kan ni pé kí ẹ ṣí ojúlówó pọ́tà nínú Chrome, kí ẹ tẹ àmì kókó mẹ́ta tó wà lókè, kí ẹ mú "Add to Home screen", kí ẹ sì pa orúkọ gígùn tó bá gbé wá rẹ́, kí ẹ fi tiyín sí i. Á jókòó lójú fóònù yín bíi WhatsApp. Èkejì ló dùn mọ́ wa jù: kíbọọ̀dù Gboard ní ibi kan tó ń jẹ́ "Personal dictionary" lábẹ́ Dictionary. Ẹ kọ portal.nysc.org.ng sí i bí ọ̀rọ̀, kí ẹ kọ "agunba" sí àyè shortcut. Bí ẹ bá ti tẹ "agunba" níbikíbi, àdírẹ́sì náà á yọ lókè kíbọọ̀dù, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ ni. iPhone ní irú rẹ̀, "Text Replacement" ni wọ́n pè é. Kò yá tó ti láptọ́ọ̀pù, àmọ́ kò gba ọ̀dọ̀ Google kọjá, ohun tí a sì ń wá nìyẹn.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń wá pọ́tà transcript lẹ́ẹ̀kan láàrin ọdún mẹ́ta, ní ìlú òkèèrè, nígbà tí ọjọ́ ti fẹ́ pé, tí owó tí ẹ fẹ́ san sì pọ̀ ju tiwa lọ. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni gbájúẹ̀ ń fẹ́, torí kò mọ bí ilé ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo wà tó lè sọ gbogbo èyí di òfo: kí ẹ lọ fún ilé olè lórúkọ àlàjẹ́. Ojoojúmọ́ lẹ máa fi ẹsẹ̀ ara yín lọ bá a. Nítorí náà, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni ọjọ́ tí a ń la ojú. Ẹ má mú àdírẹ́sì láti inú Google, ẹ má mú un láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú gúrúùpù WhatsApp, kódà kó jẹ́ kọ́ọ̀sì ręẹ̀pù ló fi í síbẹ̀. Ẹ mú un láti inú ìwé ìgbaniwọlé yín tàbí kí ẹ lọ bi àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà lójúkojú, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ka lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú-ìwé tí wọ́n ti ń bèèrè pásíwọ́ọ̀dù ni kí ẹ fi pamọ́, kì í ṣe èyí tó yọ lẹ́yìn tí ẹ ti wọlé; ti ẹ̀yìn yẹn sábà máa ń kú bí ẹ bá ti jáde. Bí ẹ bá wà ní láàbù tàbí káfè, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ sórí ẹ̀rọ wọn. A sì ti rí ẹni tó wọ àkáǹtì Firefox rẹ̀ ní káfè kí àwọn bookmark rẹ̀ lè tẹ̀lé e débẹ̀, tó wá gbàgbé láti jáde. Àwọn bookmark rẹ̀ ṣì ń tẹ̀lé ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ títí di alẹ́.

Àwọn tó ń ṣàkóso ilé-ìwé náà ní tiwọn láti ṣe. A fẹ́ kí wọ́n kọ àdírẹ́sì pọ́tà sára káàdì ìdánimọ̀ wa, lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ "bí o bá rí káàdì yìí he" sí. Àyè wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gbé pọ́tà lọ síbòmíràn, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde kí wọ́n tó gbé e, kì í ṣe lẹ́yìn tí ìdajì kíláàsì ti sanwó síbi tí kò yẹ.

Ọ̀rẹ́ wa kò tíì rí 23,500 náírà rẹ̀ gbà. Báǹkì ní àwọn ń wò ó. Ó ti pé oṣù márùn-ún tí wọ́n ti ń wò ó. Ó yá owó san òmíràn ní ọjọ́ tí wọ́n ti pọ́tà, ó ku wákàtí méjì. Òun náà ti ní àlàjẹ́ fún un báyìí, "eleyi" ló pè é. A bi í pé irú orúkọ wo nìyẹn. Ó ní nígbà tí ọ̀gá tó wà ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ṣí ojúlówó rẹ̀ fún òun ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kò ṣàlàyé kankan, ó kàn fi ìka tọ́ka sí àdírẹ́sì tó wà lókè, ó ní, "Eléyìí."